Ráútà Kejì Nínú Yàrá Ìyá Àgbà

Mo rántí ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé wa máa ń rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá kẹta, tí yóò sì dúró síbẹ̀ bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò ní kó wọlé. Ilé gígùn ni ilé wa ní Èjìgbò. Owó òwò Àbíjàn ni Bàbá àgbà fi kọ́ ọ. Amọ̀ ló fi mọ ògiri rẹ̀, ó wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lára kí ojú má baà tì í láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé. Ògiri náà nípọn débi pé bí o bá ń pariwo nínú yàrá kan, ẹni tó wà ní yàrá kejì lè máa sùn lọ ní tirẹ̀. Pálọ̀ ló wà níwájú. Kọ́rídọ̀ gùn láti ibẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn, yàrá mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Yàrá Ìyá àgbà ló kẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Ráútà wà ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Télọ̀, ló rà á, òun náà ló sì ń sanwó rẹ̀, nítorí orí fóònù ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń fi àwòrán aṣọ tí wọ́n fẹ́ ránṣẹ́ sí i. Ọ̀wọ̀ tó ní fún ẹ̀rọ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi rán ìborí fún un, tó fi òwú aláwọ̀ wúrà gbá etí rẹ̀ yíká. Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ náà ń gbóná lábẹ́ aṣọ, ó ní òótọ́ ni, ó sì gé ihò mẹ́rin sí i bí ihò bọ́tìnnì.

Èmi náà nìyẹn nígbà náà: mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí polí, mo wà nílé lọ́dọ̀ Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà, mo ń retí ìpè àgùnbánirọ̀, ó sì dá mi lójú pé kò sí ohun tó ní iná wínníwínní lára tí ọwọ́ mi kò lè tún ṣe. Bí rìmóòtù aládùúgbò kò bá ṣiṣẹ́, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Màá pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, wọn yóò pàtẹ́wọ́, wọn yóò ní "Ẹnjiníà!" Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi. Kò sí ohun tó léwu tó kí wọ́n máa pe ènìyàn ní ẹnjiníà nítorí bátìrì, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún?

Ọdún yẹn ni Bàbá àgbà dágbére fáyé. A sin ín lọ́jọ́ náà gan-an gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti là á kalẹ̀, Ìyá àgbà sì bẹ̀rẹ̀ opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Alfa ṣàlàyé fún un pé kò sí ibi tí kò lè jókòó sí nínú ilé ara rẹ̀. Pálọ̀ pàápàá kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ìyá àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ alfa, ó ṣàdúrà fún un, kò sì jáde. Láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé, láti ẹ̀yìnkùlé padà sí yàrá, ibẹ̀ náà ló ń rìn mọ. Àwọn ará ilé rò pé nítorí àwọn ọkùnrin tó ń wá kí wa ni. Èmi tí mò ń gbé oúnjẹ fún un ni mo gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Àga méjì ló wà lábẹ́ fèrèsé pálọ̀, àga onígi tí wọ́n fi aṣọ pupa bò. Ti Bàbá àgbà ni èyí tó súnmọ́ fèrèsé, ti Ìyá àgbà ni èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ní, "Bí mo bá lọ jókòó síbẹ̀, ta ni kí n máa wò nínú èyí tó kù?" Mo kó abọ́, mo jáde, mo lọ sunkún lẹ́yìn ilé.

Ẹ má sì rò pé aláìlẹ́nu ni Ìyá àgbà o. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó fi ta aṣọ ní Àbíjàn. Ó lè fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ìjà, kí ó fi Faransé parí rẹ̀, kí ó sì ti ta ọ̀pá aṣọ mẹ́ta láàárín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí a ti gbé Bàbá àgbà jáde, tẹ̀sùbáà rẹ̀ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Fóònù kì í gbọ́ràn nínú yàrá náà. Bí ọmọ rẹ̀ bá pè é láti Àbíjàn, "Háló, háló, Ìyá, ẹ ń gbọ́ mi?" ni yóò máa wí títí yóò fi já.

Ọmọ náà ni àǹtí mi, àbíkẹ́yìn Ìyá àgbà. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, kò lè wálé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí a gbọ́ pé ó ti bímọ, ọkùnrin làǹtìlanti. Ṣé ẹ mọ ohun tí gbogbo ilé wí? Bàbá kú, ọmọkùnrin dé: kí ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe Babátúndé! Bàbá Télọ̀ kò tilẹ̀ dúró gbọ́ tẹnu ẹnikẹ́ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, ó ti rán agbádá kékeré kan tí kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ó sì ti fi òwú funfun kọ BABÁTÚNDÉ sí igbá àyà rẹ̀. Ó gbé e káàkiri àdúgbò, ó ń fi han àwọn ènìyàn.

Ìyá àgbà ló ní kí wọ́n dúró ná. Nínú ẹbí wa, lẹ́yìn tí alfa bá ti pe orúkọ ẹ̀sìn, àgbà obìnrin ilé ló ń kọ́kọ́ fi orúkọ Yorùbá pe ọmọ, kí ẹlòmíràn tó pè é. Ọkọ àǹtí mi, tó jẹ́ ọmọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ti gbà bẹ́ẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ìyá àgbà wá ní, "Wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èmi ti wo ilé sú. Ojú ọmọ ni mo fẹ́ wò. Bí ó bá jẹ́ pé bàbá yín ló padà wá, màá mọ̀ ọ́n. Ọdún márùndínláàádọ́ta ni mo fi wo ojú yẹn." Mo gbé fọ́tò ọmọ lọ bá a lórí fóònù mi. Ó wò ó, ó dá a padà fún mi. Ó ní, "Bàbá yín náà wà nínú fọ́tò lára ògiri. Ṣé ó ń dá mi lóhùn? Mo fẹ́ rí i níbi tó ti ń mí, kí n pè é, kí ó gbọ́ ohùn mi." A bẹ̀ ẹ́ títí kí ó kúkú wá sí pálọ̀ fún wákàtí kan péré. Ó ní orí àga tí òun fi sílẹ̀ kọ́ ni òun yóò ti sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ wá dà bẹ́ẹ̀: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá dé yàrá ìkẹyìn kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, ọmọ náà kò ní gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ìyá ìyá rẹ̀.

Ọkọ àǹtí mi ti rí ọ̀rọ̀ yìí láti òkèèrè. Ó ti fi ráútà kan tí wọn kò lò mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rán mọ́tò Àbíjàn sí wa, ó sì dé ní ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n bí ọmọ. Èmi ni mo lọ gbà á ní gáréèjì. Wọ́n fi àǹkárá wé e, wọ́n fi í sáàárín àpò àtíékẹ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe lọ́hùn-ún, òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan sì ń jáde lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ ríbítí méjì ni ṣájà rẹ̀ ní, irú èyí tí kì í wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa. Mo wá àdápítọ̀ tí yóò mú un wọ̀ ọ́ jákèjádò ọjà kí n tó rí i. Mo ra wáyà gígùn, mo gun orí àjà, mo fà á láti pálọ̀ dé yàrá ìkẹyìn láàárín ìgbẹ́ eku àti eruku ogójì ọdún. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, irun mi funfun bí ti Ìyá àgbà. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ẹ̀rín yẹn ló gùn mí bí ẹṣin. Mo sọ fún un pé kó tó di ìrọ̀lẹ́, yóò máa wo Àbíjàn bí ẹni ń wo ojúlé kejì.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí ó ṣe rí. Ráútà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, bí ilé ṣe ń ní nọ́ńbà, èyí tó bá sì jẹ́ olórí nínú ilé kan, ookan ló sábà máa ń gbẹ̀yìn nọ́ńbà rẹ̀. Òun náà ló ń pín nọ́ńbà fún gbogbo fóònù tó bá wọlé, kí iṣẹ́ tí wọ́n rán sí tèmi má baà lọ sọ́dọ̀ tìrẹ. Ọ̀gá tó kọ́ wa ní polí ti sọ ọ́ títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ: bí ráútà méjì yóò bá gbé inú ilé kan, fi èkejì sábẹ́ àkọ́kọ́, yí nọ́ńbà rẹ̀ sí eéjì, kí o sì gba iṣẹ́ pípín kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ èyí. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ná: ẹ̀rọ Ìyá àgbà, kí n fi ṣe ìkejì? Ìyá tó bí ẹni tó ni ẹ̀rọ pálọ̀? Ẹnu wo ni màá fi sọ ọ́? Bàbá Télọ̀ sì ti dúró tì mí, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó ní, "Ẹnjiníà, mo gbọ́ pé wọ́n ń ní nọ́ńbà. Ti pálọ̀ Bàbá ni nọ́ńbà kìíní o. Mi ò fẹ́ gbọ́ ìtàn." Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu sà, tiyín ni kìíní." Mo gba kọ́rídọ̀ lọ sẹ́yìn, Ìyá àgbà béèrè bí iṣẹ́ ti ń lọ, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá àgbà, tiyín ni kìíní mà." Mo fi ẹnu mi méjèèjì ṣe ìlérí, mo sì mú un ṣẹ. Bí ti Àbíjàn ṣe ti ibẹ̀ wá pẹ̀lú ookan tirẹ̀ ni mo fi í sílẹ̀. Mo so wọ́n pọ̀.

Ilé dàrú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ńṣe ló dà bí ẹni pé akọ̀wé méjì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, tí ẹnì kìíní ń pín káàdì láti nọ́ńbà kìíní, tí ẹnì kejì náà ń pín káàdì láti nọ́ńbà kìíní, tí aláìsàn méjì sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí dókítà pe ẹyọ ẹnì kan. Fóònù kan yóò ní òun ti wọlé, kò ní rí nǹkan kan ṣe. Òmíràn yóò wọlé, yóò já. Àwòrán búbá kan tí oníbàárà Bàbá Télọ̀ fi ránṣẹ́ dé ìdajì, ọrùn àti apá òsì, ó sì dúró. Bàbá Télọ̀ jáde láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà níwájú ilé, ó na fóònù sókè, ó ní, "Ẹnjiníà! Kí lo ṣe sí wáìfáì mi? Ṣé apá kan ni kí n rán?" Mo yọ wáyà, gbogbo rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Mo tún so ó, ó tún dàrú. Ìgbà mẹ́rin ni mo ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì ṣe ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ṣe, nítorí ọ̀wọ̀. Ó wá ní kí n má fi ọwọ́ kan ohunkóhun mọ́ ní pálọ̀ òun.

Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e kò dára fún mi. Ojú tì mí débi pé mi ò lè bá àwọn aládùúgbò tún rìmóòtù ṣe. Ìyá àgbà kò bá mi wí. Ohun tó tilẹ̀ dùn mí jù nìyẹn. Bí ó bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, yóò bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ mi?" bí ẹni ń béèrè mọ́tò tó pẹ́ lọ́nà. Màá ní, "Ó ń bọ̀ mà." Irọ́ ni. Kò sí ohun tó ń bọ̀. Ẹ̀rọ ń bẹ níbẹ̀ lórí àpótí aṣọ rẹ̀, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, kò dá ohunkóhun mọ̀.

Ọjọ́ ìkómọ pé. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ lọ́dọ̀ wa ni aago mẹ́jọ lọ́hùn-ún, ìgbà náà ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀. Bàbá Télọ̀ fún mi láyè wákàtí kan péré. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ kọjá, mo ṣì wà lórí ẹní nínú yàrá Ìyá àgbà, láàpútọ́ọ̀pù lórí ẹsẹ̀ mi, òógùn ń ṣàn. Mo ti pa ẹ̀rọ náà, mo ti tàn án. Mo ti gbé e sí ojú fèrèsé. Mo ti ṣe bísímílàhì. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn mo wá gbà pé kò sí ọ̀nà míì, mo yọ ọ́ kúrò lára ti pálọ̀, mo ṣí inú rẹ̀ láti yí nọ́ńbà. Faransé! Láti òkè dé ìsàlẹ̀, Faransé pọ́ńbélé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣí inú rẹ̀ nìyẹn. Ẹnjiníà yín kò tilẹ̀ wo inú ẹ̀rọ kó tó so ó. Mo rò ó pé kí n sáré jáde sí títì kí fóònù lè túmọ̀ rẹ̀ fún mi, mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde.

Ìyá àgbà ti wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó ti jókòó sí etí ibùsùn láti aago méje. Ó ní, "Kí lo ń dìde jókòó fún? Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Mo ní, "Faransé ni mà."

"Mo bi ọ́ ní èdè ni? Kà á sí mi létí."

Ìyá àgbà kò lè ka ìwé, ẹ̀yin ènìyàn mi. Kò ka ojú ewé kan rí láyé rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ọmọ ilé kéú tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ álífù, mò ń fi ahọ́n Èjìgbò fọ́ èdè olóyìnbó sí wẹ́wẹ́. Mo kan ọ̀rọ̀ kan, mo pe lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. "Désactiver! Désactiver lò ń pè bẹ́ẹ̀ yẹn? Ohun tí wọ́n máa ń ṣe sí síìmù mi nìyẹn bí mo bá pẹ́ nílé níbí. Kí ó má ṣiṣẹ́ mọ́ ni." Mo ka òmíràn. "Enregistrer. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo tò lórí ìlà fún ọ̀rọ̀ yẹn nínú oòrùn nígbà tí mò ń gba ìwé ìgbélùú." Mo ka èyí tó kẹ́yìn. "Redémarrer! Ohun tí àwọn dẹrẹ́bà ń ṣe láràárọ̀ nìyẹn, kí mọ́tò tún ta." Ojú rẹ̀ ń tàn. Fún ìṣẹ́jú yẹn, mi ò rí opó kankan lórí ibùsùn náà, oníṣòwò aṣọ ni mo rí. Àgbà jókòó, ó rí ohun tí èmi gun orí àjà tí n kò rí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ nọ́ńbà. Ìka mi dúró. Ó ní, "Kí ló tún kù?" Mo wólẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ yìí ò lè ṣiṣẹ́ àfi kí n fi tiyín ṣe ìkejì. Kí n fi í sábẹ́ ti pálọ̀. Ìdí tí gbogbo rẹ̀ fi ń dàrú láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún yín."

Ó wò mí bí ẹni pé mo sọ pé òjò ń rọ̀ láti ilẹ̀ lọ sókè. "Ìdí tí o fi jẹ́ kí ojú mi máa wọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn? Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ ṣe ìkíní? Ọba kì í pé méjì láàfin, ìjòyè lè pé mẹ́fà. Bàbá yín ni ìkíní nínú ilé yìí fún ọdún márùndínláàádọ́ta, èmi ni ìkejì. Ǹjẹ́ ebi pa mí? Ǹjẹ́ ẹnìkan rí mi fín? Òun ń jókòó lójú fèrèsé, èmi ń jókòó tì í, ohun tí òun rí ni mo rí. Fi mí ṣe ìkejì, ọmọ yìí. Ibẹ̀ ló mọ́ mi lára." Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín lọ. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Mo yí i sí eéjì. Désactiver. Enregistrer. Redémarrer. Mo so wáyà padà. Iná ẹ̀rọ náà kú, ó tàn, ó ṣẹ́jú díẹ̀, ó wá dúró ṣinṣin. Mo na ọrùn sí kọ́rídọ̀, mo ké sí iwájú pé, "Bàbá Télọ̀, ẹ wo tiyín!" Ó dáhùn láti pálọ̀ pé àwòrán búbá mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, apá méjèèjì sì pé. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí aago mẹ́sàn-án lù.

Mo gbé fóònù ti agolo mílíìkì lórí àpótí. Bàbá Télọ̀ ti sáré wọlé, agbádá kékeré yẹn lọ́wọ́. Àǹtí mi yọ lójú fóònù, kedere bí ẹni tó wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó rí ìyá rẹ̀, ó juwọ́ sí i. Alfa tó wà lọ́hùn-ún ti pe orúkọ tirẹ̀. Wọ́n wá gbé ọmọ súnmọ́. Ìyá àgbà sún síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fóònù. Ó wo iwájú orí, ó wo imú, ó ní kí wọ́n yí i sọ́tùn-ún, kí wọ́n yí i sósì, kí wọ́n ṣí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ náà yán, ó ké kíún.

Ìyá àgbà fà sẹ́yìn. Ó ní, "Bàbá yín kọ́."

Bàbá Télọ̀ ní, "Ìyá!"

"Mo ní bàbá yín kọ́. Bàbá yín kò ní irú etí báyìí rí. Ẹ wo etí bí ìdimú ìkòkò! Ẹ má purọ́ mọ́ òkú. Bàbá yín ti lọ, ó rọra lọ, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Eléyìí, ẹlòmíràn ni. Wọ́n rán an wá bá mi ni." Ó tún sún mọ́ fóònù, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó pè é: "Rẹ̀mílẹ́kún. Rẹ̀mílẹ́kún, ṣé o gbọ́ mi? Èmi nìyí." Ọmọ náà dákẹ́ ẹkún. Ẹ lè ní ìyá rẹ̀ ló gbé e mọ́ra, n kò ní bá yín jiyàn, ṣùgbọ́n ó dákẹ́. Gbogbo Àbíjàn ní àmín. Bàbá Télọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé, ó sì ń wo igbá àyà agbádá náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ó fi abẹ tú lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kọ RẸ̀MÍLẸ́KÚN sí i, ṣùgbọ́n ojú abẹ́rẹ́ ti àkọ́kọ́ ṣì hàn nídìí rẹ̀ títí dòní.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀yìn ilé ti di iwájú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yàrá Ìyá àgbà wá dára ju ti pálọ̀ lọ, nítorí kò sí aṣọ ìborí lórí tirẹ̀. Àwọn ọmọ ilé, àwọn obìnrin àdúgbò, gbogbo wọn ń wá jókòó sórí ẹní. Ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀, èmi àti Ìyá àgbà nìkan la mọ̀ ọ́n, ó sì ní mi ò gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí o bá fẹ́ ẹ, wá, kí òun, jókòó, sọ bí ìyá rẹ ti ṣe sí, nígbà náà ni yóò sọ pé kí n tẹ̀ ẹ́ fún ọ. Kò sí òwúrọ̀ tí ohùn Rẹ̀mílẹ́kún kì í jáde nínú yàrá yẹn. Nígbà tí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá pé, Ìyá àgbà wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó gba kọ́rídọ̀ já sí pálọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ó lọ tààrà sí abẹ́ fèrèsé, ó sì jókòó sí àga kejì.

Iṣẹ́ yẹn ni mò ń ṣe jẹun báyìí ní Òṣogbo, mò ń fa wáyà sí ilé àti ọ́fíìsì. Wọ́n ṣì ń pè mí ní ẹnjiníà, mo sì ti mọ̀ ju bátìrì lọ díẹ̀. Níbikíbi tí mo bá ti fẹ́ so ráútà kejì mọ́ àkọ́kọ́, tí ìka mi bá dé orí nọ́ńbà, mo máa ń gbọ́ ọ létí mi: fi mí ṣe ìkejì, ibẹ̀ ló mọ́ mi lára. Àwọn oníbàárà mi kò mọ ohun tí mò ń rẹ́rìn-ín sí.

Nígbà ọdún Iléyá tó kọjá, àǹtí mi gbé Rẹ̀mílẹ́kún wálé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́rin, Faransé kún ẹnu rẹ̀, etí náà ṣì wà níbẹ̀. Ó sáré wọ pálọ̀, kò kí ẹnikẹ́ni, ó sì gun orí àga Bàbá àgbà, àga tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fi ìdí kàn láti ọjọ́ tó ti kú. Gbogbo wa ké "Háà!" lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá Télọ̀ ti na ọwọ́ láti gbé e sọ̀kalẹ̀. Ìyá àgbà wà nínú àga tirẹ̀, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Àga ni, kí ènìyàn lè jókòó sí i ni wọ́n ṣe kàn án." Ọmọ náà yíjú sí fèrèsé, ó rí ewúrẹ́ kan níta, ó nàka sí i fún Ìyá àgbà, àwọn méjèèjì sì jọ ń wò ó.